Adolf von Baeyer àti Àṣírí Aró

 

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ tí kò tán títí tí wọ́n fi pa iná gbọ̀ngán mọ́ wa lórí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló wọ dàńṣíkí àdìrẹ wá. Bí a ti ń yẹ aṣọ náà sí i ni ó sọ pé àwọn ará Jámánì ló jí aró gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló jókòó tì í ní ọ̀hún títí tí ó fi rí i ṣe láti inú ọ̀dà èédú, àti pé láti ọjọ́ náà ni ìkòkò aró ti ń fọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ń kọ́ kẹ́místrì dákẹ́, nítorí mo mọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ̀gbọ́n ń bá wí, mo sì mọ̀ pé apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́, apá kan kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ariwo ti pọ̀ jù. Olóòtú wa ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo rí kọ nìyí. Kí ẹ̀gbọ́n má bínú o.

Ní Berlin ni a ti bí Johann Friedrich Wilhelm Adolf Baeyer, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1835. “Von” kò sí nínú orúkọ náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Oyè ni, ọdún 1885 tí ó pé ẹni àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi dá a lọ́lá ní Bavaria. Ọ̀gá sójà ni bàbá rẹ̀, Johann Jacob Baeyer, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá náà fi lórúkọ kì í ṣe ti ìbọn. Wíwọn ilẹ̀ ni: òun ni ó kó àwọn orílẹ̀-èdè àárín Yúróòpù jọ láti wọn bí ayé ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe tẹ̀ sí. Ìdílé agbẹjọ́rò àti àwọn òǹkọ̀wé ni ìyá rẹ̀, Eugenie Hitzig, ti wá. Júù ni àwọn baba ńlá ìyá yìí kí wọ́n tó di onígbàgbọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a níwájú.

Ọmọ tí ń fi ọwọ́ kan ohun gbogbo ni Adolf. Kò ì tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó fi ṣe iyọ̀ kan tí bàbà àti sódà jọ wà nínú rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ti kọ nípa rẹ̀ rí. Nígbà tí ó wá pé ọdún mẹ́tàlá, owó tálà méjì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ mìíràn ì bá fi ra ohun jíjẹ tàbí ohun ìṣeré. Aró ni ọmọkùnrin yìí fi í rà, odidi òkúta aró kan. Ó wá ìwé kẹ́místrì tí Wöhler kọ, ó sì ń tẹ̀lé ohun tí ìwé wí láti tú aró náà wò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí nígbà tó dàgbà. Ó ní òórùn tó jáde nínú ìgò lọ́jọ́ náà dà bí ohun mímọ́ létí imú òun.

Ní 1853 ó wọ Yunifásítì Berlin, ìṣirò àti físíìsì ni ó sì kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ṣe iṣẹ́ sójà fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ wọn, lẹ́yìn náà ní 1856 ó lọ sí Heidelberg lọ́dọ̀ Robert Bunsen, ẹni tí gbogbo wa ń dá orúkọ rẹ̀ nítorí iná gáàsì orí tábìlì ilé ẹ̀kọ́. Òun àti Bunsen kò rẹ́. Ó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí kò tíì di ńkan kan, August Kekulé, tí ó ní yàrá ìwádìí kékeré ti ara rẹ̀ nínú ìlú kan náà. Níbẹ̀ ni Baeyer ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ikú pàdé. Ohun tí ó ń ṣe ní ásẹ́níìkì nínú, májèlé paraku. Èéfín rẹ̀ fẹ́ sí i lójú, ó sì ṣubú lulẹ̀ láìmọ ibi tí ó wà. Kekulé ló wọlé bá a nílẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé yàrá ìwádìí tiyín kò ní afẹ́fẹ́, ẹ rántí ọkùnrin yìí.

Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berlin ní 1858, ó sì tẹ̀lé Kekulé lọ sí Ghent ní Bẹ́ljíọ́mù. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó padà sí Berlin láti di olùkọ́. Iṣẹ́ tí ó rí kì í ṣe ti yunifásítì ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ni, níbi tí owó oṣù kéré ṣùgbọ́n tí yàrá ìwádìí fẹ̀. Ọdún méjìlá ni ó lò níbẹ̀, láti 1860 títí di 1872. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo ohun tí ó ṣe ní ọdún wọ̀nyẹn, ìwé yìí kò ní í tó. Ní 1864 ó ṣe barbituric acid, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Emil Fischer àti Joseph von Mering wá fi ìdílé rẹ̀ ṣe oògùn oorun ní 1903. Ní 1871 ó ṣe phenolphthalein. Ìwọ tí o ṣe kẹ́místrì nínú ìdánwò WAEC, omi funfun tí o ń kán sínú ásíìdì, tí o wá ń tú sódà sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi yí padà di àwọ̀ òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà, tí o sì kọ iye tó wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n: ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ ṣe é.

Ṣùgbọ́n aró ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sí ìdí ìkòkò, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyá aláró ń ṣe kò lè mọ ohun tí Baeyer ń wá. Bí o bá já ewé èlú lórí igi, kò sí aró nínú rẹ̀. Ewé tútù lásán ni, àwọ̀ ewé ni ó ní. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọmọ aró tí a so mọ́ ṣúgà. Nígbà tí wọ́n bá gún èlú nínú odó, tí wọ́n rọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì sá a, ṣúgà náà á já, ọmọ aró á pàdé afẹ́fẹ́, á sì di aró. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: aró tó ti di aró kì í yòrò nínú omi. O lè rò ó láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìyẹ̀fun ni yóò máa jẹ́. Nítorí náà ni ìyá aláró ṣe ń sun eérú, tí ó ń sẹ́ omi rẹ̀ láti inú ìkòkò abíhò sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, tí ó sì ń gbé èlú sínú omi eérú náà fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ títí tí aró yóò fi yí padà di ohun mìíràn tó lè yòrò, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tó ń pọ́n. Aṣọ tí wọ́n bá rì bọ inú rẹ̀ kò ní í jáde ní dúdú. Á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, ojú rẹ á sì máa wò ó tí yóò fi di aró. Èyí ni ó fi jẹ́ pé aró kì í ṣí bọ̀rọ̀: ó wọ inú òwú nígbà tí ó jẹ́ omi, ó wá padà di òkúta síbẹ̀.

Ìyá aláró kò pe èyí ní kẹ́místrì. Ó ń tọ́ omi eérú lá kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti mú. Ó ń gbóòórùn ìkòkò. Ó ń wo ìfófòó orí rẹ̀. Bí ìkòkò bá sì kọ̀ tí kò mú, ó mọ ohun tí yóò fi tọrọ lọ́wọ́ Ìyá Màpó. Gbogbo ìmọ̀ yìí wà lórí ahọ́n, ní imú àti ní ìka ọwọ́, ìyá sì ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ìbéèrè tí Baeyer bi aró yàtọ̀. Kò béèrè bí wọ́n ṣe ń pa aṣọ láró. Ohun tí ó béèrè ni pé: kí ló wà nínú aró gan-an, báwo ni wọ́n sì ṣe tò ó? Iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú mólékù aró kan kò tó ohun tí a ń jà sí: kábọ́nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ènìyàn ọgbọ̀n ló wà nínú agbo ilé kan, ṣé o ti mọ agbo ilé náà? O kò mọ ẹni tó ń gbé yàrá ọ̀tún, o kò mọ ẹni tí ó jọ ń lo ògiri kan pẹ̀lú ta ni. Ìyẹn ni ó ń wá.

Ní 1865 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí ó wó ilé náà díẹ̀díẹ̀ kí ó sì máa wo ohun tó ṣẹ́ kù. Àwọn ènìyàn ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀ pé bí a bá fi ọ́síjìn ba aró jẹ́, a óò rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní isatin. Baeyer mú isatin, ó ń yọ ọ́síjìn inú rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ tí kò fẹ́ jáde mọ́, ó fi ìyẹ̀fun síǹkì gbígbóná lé e jáde. Ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ní 1866 ni ó pè ní indole. Ó ti dé ìpìlẹ̀ ilé.

Ìyẹ̀fun síǹkì yìí kò fi mọ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, Carl Graebe àti Carl Liebermann, yá ọgbọ́n náà, wọ́n lò ó fún àwọ̀ pupa tó ń ti inú gbòngbò ewéko kan wá, nígbà tó sì di 1868 wọ́n ti rí i ṣe láti inú ọ̀dà èédú. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé tó ń gbin ewéko náà ti kógbá sílé. Mo sọ èyí nítorí ẹ̀gbọ́n wa. Òyìnbó bíi tiwọn ni àwọn kẹ́míkà yìí kọ́kọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ní 1870, Baeyer àti Emmerling yí isatin padà di aró. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n inú aró náà ni isatin ti wá! Ó dà bí ẹni tó yọ owó lápò ọ̀tún tó fi sí tòsì. Ohun tó kù ni kí ó rí isatin ṣe láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan aró rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti dáwọ́ dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé Kekulé, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ti kéde pé òun fẹ́ ṣe isatin. Baeyer kò fẹ́ bá ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ du ohun tí ó ti fọwọ́ lé. Ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, ó sì dúró fún bí ọdún méje. Kekulé kò rí i ṣe, kò sì tẹ̀ síwájú. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí níhìn-ín, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní ọkùnrin náà fi àkókò ṣòfò. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Láàárín àkókò yìí ipò rẹ̀ yí padà. Ní 1872 wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Strasbourg, ìlú tí Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ Faransé. Ní 1875 ó bọ́ sórí àga tí Liebig fi sílẹ̀ ní Munich, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ogójì ọdún. Nígbà tí ó rí i pé Kekulé kò mú nǹkan jáde, ó padà sídìí aró. Ní 1878 ó rí isatin ṣe láìlo aró. Ní 1880 ó rí ọ̀nà mìíràn tó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó gba ìwé àṣẹ tó fún un ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà méjì, BASF àti Hoechst, sì ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1882, òun àti Viggo Drewsen rí èyí tó rọrùn jù lọ. Nígbà tó sì di ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1883, ó kọ lẹ́tà sí Heinrich Caro ní BASF pé òun ti mọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà nínú mólékù aró. Ọdún 18 láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 35 láti ìgbà tí ó ti fi tálà méjì ra aró.

Ọ̀nà ti 1882 yẹn ni wọ́n fi kọ́ èmi náà níbí. Wọ́n fún wa ní nitrobenzaldehyde díẹ̀, wọ́n ní kí a tú acetone sí i, kí a fi omi díẹ̀ là á, kí a wá máa kán sódà líle sí i. Mo kán an lẹ́ẹ̀kan, mo kán an lẹ́ẹ̀kejì. Omi náà gbóná ní ọwọ́ mi, ó pọ́n, ó dúdú, aró sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí ìdí ìgò. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ìgò, mo sì ń ronú iye ọjọ́ tí màmá àgbà fi ń ṣọ́ ìkòkò kan. Olùkọ́ tó ń bójú tó wa bi mí bóyá nǹkan bàjẹ́. Mo ní rárá o.

Nísinsìnyí a dé ibi tí àríyànjiyàn wa wà. Bí ìgò bá rọrùn báyìí, kí ló dé tí aró Baeyer kò gba ọjà ní 1883? Owó ni. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é wọ́n ju aró tó ń ti Íńdíà wá lọ, àti pé tólúwìn, omi inú ọ̀dà èédú tí gbogbo rẹ̀ dúró lé, kò pọ̀ tó láti ṣe aró tí gbogbo ayé ń fẹ́. BASF gbìyànjú títí, ó sú wọn. Lẹ́yìn 1885 Baeyer fúnra rẹ̀ kò fi ọwọ́ kan aró mọ́. Ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa bí wọn yóò ṣe tà á kò jẹ́ ti rẹ̀ mọ́, àwọn oníléeṣẹ́ sì ti sú òun náà.

Karl Heumann, olùkọ́ kan ní Zurich, ló rí ọ̀nà mìíràn ní 1890. Ohun tó wà nínú bọ́ọ̀lù káńfọ̀ tí a ń jù sínú àpótí aṣọ, náfútálíìnì, ni BASF wá fi bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí erùpẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò fẹ́ mú dáadáa, títí tí ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná fi fọ́ mọ́ Eugen Sapper lọ́wọ́ nínú ìkòkò, tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ dà sí i. Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ yára bí iná ọyẹ́. Mẹ́kúrì náà ni oògùn rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀. Heumann kò rí òpin iṣẹ́ yìí; ó kú ní 1894. Ní 1897 ni BASF gbé aró rẹ̀ jáde fún títà. Máàkì mílíọ̀nù 18 ni wọ́n ti ná sí i, èyí tó ju owó tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn ọdún náà: 1883 ni ìmọ̀ dé, 1897 ni ọjà dé. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàárín wọn, ọ̀nà tí ó gba ọjà náà kì í sì í ṣe ti Baeyer.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fara gbá a ni àwọn ará Íńdíà. Ní bí ọdún 1896, ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin aró níbẹ̀ ju éékà mílíọ̀nù kan lọ. Nígbà tó di 1914 kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayé dára fún àwọn àgbẹ̀ náà tẹ́lẹ̀: ní Champaran ní ilẹ̀ Bihar, àwọn òyìnbó onílẹ̀ ń fi tipátipá mú wọn gbin aró sórí apá kan oko wọn, yálà ó lérè tàbí kò lérè. Nígbà tí aró Jámánì mú owó tiwọn wálẹ̀, àwọn onílẹ̀ náà fi owó ìṣákọ́lẹ̀ lé àwọn àgbẹ̀ lórí kí àdánù má bà a wọlé sọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni Gandhi lọ sí Champaran fún ní oṣù kẹrin ọdún 1917, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ ṣe irú ìjà rẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ọ̀dọ̀ tiwa kò tètè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa kò gbin èlú fún Lọ́ńdọ̀nù. Fún ara wa ni wọ́n ń pa aró, ìkòkò wọn kò sì mọ̀ pé BASF wà láyé. Ní àwọn ọdún 1920, àdìrẹ Abẹ́òkúta ń tà gan-an débi pé àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gà wá rà á. Ní ìgbà náà ni aró òyìnbó àti sódà líle tí a ń pè ní kọ́sítíìkì wọ ọjà. Sódà náà ń ṣe iṣẹ́ omi eérú láìsí sísun, láìsí sísẹ́, láìsí dídúró. Ó dára fún ẹni tí oníbàárà ń lé. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó ń jẹ aṣọ. Lẹ́yìn 1929 tí ọjà gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn oníbàárà sì ń pariwo pé àdìrẹ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀, Aláké Ladapo Ademola Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó ní Ẹ̀gbá.

Ta ni ẹ rò pé ó gbógun ti òfin náà? Àwọn aláró fúnra wọn ni o. Ní 1936 wọ́n dìde, wọ́n kọ̀, wọ́n gbé ẹjọ́ náà kọjá ààfin dé ọ̀dọ̀ ìjọba òyìnbó, títí tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ iye sódà tó yẹ aṣọ, pé kí ẹni tí kò pa aró rí má kọ́ àwọn níṣẹ́. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n wa sọ pé wọ́n jí aró lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Àwọn ìyá náà ń jà kí wọ́n má gba aró òyìnbó lọ́wọ́ àwọn. Ohun tí a fi owó ara wa rà, tí a fi ọgbọ́n ara wa lò, ó ṣòro láti pè é ní olè. Ṣùgbọ́n n kò ní í ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tó sọnù. Àwọn tó mọ bí omi eérú ṣe ń dùn lẹ́nu nígbà tí ó bá mú kò pọ̀ mọ́, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn Jámánì ṣe ń kọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich. Ohun kan tó yẹ kí n yára tú: Baeyer wa yìí kọ́ ni ó ni Bayer tó ń ta Aspirin. Orúkọ wọn jọra lásán ni, kò sí ìbátan kankan.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kò fẹ́ràn ẹ̀rọ ńláńlá. Ìgò kékeré àti ọ̀pá gíláàsì tó fún un. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ pé fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, àti pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ohun tó dára hàn án, kò ní í sọ̀rọ̀, á kàn ṣí fìlà rẹ̀ fún un. Nínú àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, Emil Fischer gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902, Eduard Buchner ní 1907, Richard Willstätter ní 1915. Òun fúnra rẹ̀ gba tirẹ̀ ní 1905. Wọ́n dárúkọ àwọn àwọ̀ aṣọ nínú ìdí tí wọ́n fi fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ọ̀gá!

Júù ni Willstätter yìí. Baeyer, tí àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀ ti yí ẹ̀sìn padà tipẹ́, gbà á nímọ̀ràn pé kí òun náà ṣe ìrìbọmi kí ọ̀nà lè là fún un. Willstätter kọ̀. Síbẹ̀ òun ni ó jókòó sórí àga Baeyer nígbà tí àgbà náà fẹ̀yìn tì ní 1915. Ní 1924 ó kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀, nítorí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ẹni tó bá jẹ́ Júù, bó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó.

N kò sì ní í fi èyí tí kò wuyì pamọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1914, àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì 93 fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi gbè lẹ́yìn ogun, tí wọ́n sì sẹ́ ohun tí àwọn sójà wọn ṣe ní Bẹ́ljíọ́mù. Orúkọ Baeyer wà níbẹ̀. Ẹni tó lo ọdún 18 láti rí i dájú ibi tí átọ́ọ̀mù kan wà fọwọ́ sí ohun tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí, nípa orílẹ̀-èdè tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ rí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ogun yẹn kan náà pa ọkọ ọmọ rẹ̀, Oskar Piloty, tí òun pẹ̀lú jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì.

Baeyer kú ní Starnberg nítòsí Munich ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1917, nígbà tí Gandhi ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ Champaran. Ẹni ọdún 81 ni.

Aró tó wà nínú ṣòkòtò jíìnsì tí ẹ wọ̀ lọ sí kíláàsì lónìí, láti inú kẹ́míkà ló ti wá. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣe é sì jẹ́ ọmọ ọ̀nà Heumann, kì í ṣe ti Baeyer. Ti Baeyer ti kúrò lọ́jà tipẹ́. Yàrá ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kù sí, níbi tí wọ́n ti fi kọ́ mi. Mo sẹ́ aró tèmi, mo gbẹ ẹ́, ó kù ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan. Mo dì í sínú bébà, mo fi ránṣẹ́ sí màmá àgbà nílé nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń lọ. Ó tú u wò, ó fi ìka kan kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní ó sọ pé aró ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òun sẹ́ eérú rẹ̀?